Ilẹ̀kùn Kan Ṣoṣo

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìlá oṣù kìíní

Àpótí ti dé ilé ìwé. Káfíńtà ló gbé e wá lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó so ó mọ́ ẹ̀yìn bí ẹni pọn ọmọ. Pákó tó ṣẹ́ kù lára bẹ́ẹ̀dì ẹnì kan ló fi kàn án, ó ní ká má bi òun ta ni. Ihò orí rẹ̀ gba ọwọ́ ọmọdé, kò gba ti àgbà. Nọ́ọ̀sì ló ní kó rí bẹ́ẹ̀. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ́síbítù, síbẹ̀ kò sí ohun tí yóò ṣe tí kò ní kọ́kọ́ wo ibi tó ti lè pa ènìyàn lára.

Àwa mẹ́ta tá a gbé àpótí náà kalẹ̀ nìyí: Nọ́ọ̀sì, Káfíńtà, àti èmi tí mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n wá àṣìṣe nínú ìwé ẹlòmíràn ní ilé ìtẹ̀wé. Ọ̀gá ilé ìwé fún wa ní sáà kan ṣoṣo. Bí àwọn ọmọ bá ṣì ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀ nígbà tí sáà bá parí, ká máa gbé àpótí wa lọ.

Nọ́ọ̀sì fi ọ̀dà funfun kọ òfin sí i lára: KỌ OHUN TÓ Ń DÙN Ọ́. ÈNÌYÀN MÉJÌ NI YÓÒ KÀ Á. A Ó YA Á SÍ WẸ́WẸ́. Mo ní ká fi "lẹ́yìn náà" sí i, kí gbólóhùn náà lè dán.

Nọ́ọ̀sì ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Ọmọdé ló máa kà á, kì í ṣe ẹ̀yin."

Ooru mú gan-an. Mo sùn lọ́sàn-án.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ìwé mẹ́fà. Márùn-ún ń ké lórí ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí kì í tì. Ẹ̀kẹfà ní: "Ẹ jọ̀ọ́, ta ni Bàbá Onípẹ́ńsù?" Èmi ni o. Pẹ́ńsù pupa tí mo fi ń tún ìwé ṣe kì í kúrò létí mi.

Kí n tó mọ̀, mo ti tún ìwé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣe. Nọ́ọ̀sì wo àmì pupa wọ̀nyẹn. Ó ní, "Ẹni tó ń sunkún lẹ ń fún ní máàkì yìí."

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Ìwé mọ́kànlá. Ọ̀kan nínú wọn, orí ìdúró ni mo ti kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́tà rẹ̀ kéékèèké, ó tò bí eyín:

"Ọ̀rọ̀ mi pọ̀ bí èrò inú ilé. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló wà, gbogbo wọn sì fẹ́ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó wà níta ń rẹ́rìn-ín."

Mo ti ka ìwé fún owó, mo ti kà á fún ìgbádùn, mo ti kà á nítorí àìrí oorun sùn. N kò rántí ìgbà tí gbólóhùn mẹ́ta ti mú mi báyìí kẹ́yìn. Nọ́ọ̀sì kà á, ó mí kanlẹ̀. "Ó ń dun ọmọ yìí o. Ẹ ya á." Mo ní mo ti gbọ́.

N kò ya á. Ó wà láàárín ìwé ìrántí yìí bí mo ṣe ń kọ̀wé. Ṣé olè ni mo jà? Ẹni tó ni ín ló fọwọ́ ara rẹ̀ jù ú sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó jù ú sílẹ̀ nítorí pé a ní a ó ya á. N kò tíì rí ìdáhùn tó tẹ́ mi lọ́rùn, n kò sì ya á.

Ọjọ́ Ẹtì, ọgbọ̀njọ́

Ọ̀gá ilé ìwé ní kí ọ̀kan nínú wa bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ níbi ìpéjọ òwúrọ̀. Orúnkún Nọ́ọ̀sì wú, Káfíńtà ní òun kì í bá ju èèyàn mẹ́rin sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó ku èmi.

Mo ti kọ ojú ìwé méjì sílẹ̀. Nígbà tí mo dé iwájú àwọn ọmọ, tí mo rí ọ̀ọ́dúnrún ojú tí oòrùn ń pa, ọ̀rọ̀ mi gbẹ mọ́ mi lẹ́nu. Mo fa ìwé kékeré yẹn yọ. N kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, n kò dárúkọ kíláàsì. Mo ní, "Ẹ gbọ́ ohun tí ọ̀kan nínú yín kọ," mo sì kà á, mo kà á dáadáa.

Gbogbo wọn dákẹ́. Inú mi dùn sí ìdákẹ́jẹ́ náà, kí n má purọ́. Lẹ́yìn náà ni ohùn kan jáde láti ìlà kíláàsì karùn-ún: "Tu-tu-tu-tu-tu," bí ẹ́ńjìnnì tó kọ̀ tí kò dìde. Ẹ̀rín bú. Mo rò pé èmi ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, mo sì rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Ìgbà tí mo rí i tí tíṣà wọn bojú wo ọmọbìnrin kan, tí ọmọ náà ń wo bàtà rẹ̀, ni ẹ̀rín kú lẹ́nu mi.

Tíṣà náà fà mí sápá kan. "Bàbá, ẹ ò mọ̀ ni? Akólòlò ni. Jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n ń pè é."

N kò mọ̀. Ọmọ náà kò sọ̀rọ̀ létí mi rí.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù kejì

Tíṣà kíláàsì karùn-ún dúró dè mí lẹ́nu géètì. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, oníwà pẹ̀lẹ́, ó máa ń pọ́n lẹ́ẹ̀dì nígbà tí kò bá mọ ohun tó máa ṣe.

"Bàbá, wọn ò pè é ní Jẹnẹrétọ̀ mọ́."

"Ẹ ṣeun, ọpẹ́ ni."

"Ẹ má tíì dúpẹ́."

Ní báyìí, bí ọmọ náà bá ti la ẹnu, wọn a máa kan tábìlì: kọ́, kọ́, kọ́. "Ẹ ṣílẹ̀kùn o! Èrò ti kún inú ilé!" Mọ́nítọ̀ ló dá a sílẹ̀, ọmọbìnrin gíga kan tí wọ́n fún ní iṣẹ́ kíkọ orúkọ aláriwo sójú bọ́ọ̀dù. Àdá wọn ti kújú tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo bá wọn pọ́n òmíì.

Nọ́ọ̀sì bi mí bóyá mo ya ìwé náà. Mo tún pẹ́ńsù mi tì sétí.

"Mo bi yín ni, Bàbá Ìbejì."

"Mi ò ya á."

Kò pariwo. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un lò. "Lọ́síbítù, tí ẹ bá fún aláìsàn kan ní oògùn aláìsàn ẹlòmíì, kò sẹ́ni tó máa bi yín bóyá oògùn náà dára."

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún

Ọmọ náà kò wá láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Àpótí ṣófo.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ keje

Ìyá rẹ̀, alágbàfọ̀ ni. Iyàrá iwájú ni ó fi ṣe ibi iṣẹ́: okùn mẹ́ta láti ògiri dé ògiri, ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó ń kán sílẹ̀, tábìlì gígùn tí aṣọ bùláńkẹ́ẹ̀tì bò. Ó ń lo áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́ nígbà tí mo wọlé. Mo kí i kú iṣẹ́, mo sọ ẹni tí mo jẹ́.

"Ẹ̀yin ni Bàbá Onípẹ́ńsù." Kò gbé ojú sókè. "Ẹ jókòó. Torí pé àgbà ni yín ni o, kì í ṣe torí pé inú mi dùn sí yín."

Mo jókòó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí tọrọ àforíjì, ó sì jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó na kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì kan, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Ọjọ́ mẹ́rin lọmọ mi fi kọ ìwé yẹn. Ó bi mí pé, ṣé wọ́n máa ya á lóòótọ́? Mo ní àgbà ló kọ ọ́ sára àpótí, òótọ́ ni. Ẹ̀yin lẹ parọ́, èmi lẹ fi ṣe ẹlẹ́rìí."

Ó ká ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó mú òmíì.

"Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ṣọ́ọ̀bù nílùú kejì. Tí sáà yìí bá parí tí nǹkan ò sì yí padà, ọmọ mi á lọ máa bá a tajà. Ẹni tó ń ka ọjà kò nílò ẹnu púpọ̀."

"Ilé ìwé ńkọ́?"

"Ilé ìwé wo?"

Ọmọ ọdún mọ́kànlá. Aṣọ ìkélé yàrá inú mì díẹ̀, mo sì mọ̀ pé ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méje ló kù kí sáà parí.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹjọ

N kò lọ síbì kankan. Mo wo pẹpẹ ìwé mi láti òkè dé ilẹ̀. Ó tó ogún ìwé tí mo ní tó dá lé àánú àti ìwà pẹ̀lẹ́, mo sì ti yẹ gbogbo wọn wò, mo mọ ojú ìwé tí àṣìṣe wọn wà. Kí ni wọ́n kọ́ mi? Mo ka ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn bí ewì. Ìròyìn ni. Ó ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́nu, bí ẹni tó ní, "Ẹsẹ̀ ń dùn mí." Ẹlòmíì tí kò kàwé tó mi ì bá ti béèrè pé ta ni ọ̀rọ̀ kì í jáde lẹ́nu rẹ̀ nílé ìwé yìí.

Bébà ìkọ̀wé ti wọ́n sí i. Ìdì kan náà ni, ewé inú rẹ̀ ti dín.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo mú ìwé náà lọ láti dá a padà. Ọmọ náà jáde fúnra rẹ̀ lónìí. Ó kúnlẹ̀, ó kí mi, ó dìde, ó dúró níwájú mi bí ẹni tó ti gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kalẹ̀ láti àná.

"Ẹ-ẹ-ẹ-ẹ fún mi ní-ní-ní..."

"Ìwé rẹ? Òun ló wà lọ́wọ́ mi yìí."

Ó pa ẹnu dé. Ó wò mí bí ìgbà tí èèyàn tò sórí ìlà láti àárọ̀, tí ẹnì kan wá ya wọ iwájú rẹ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀.

"Kì-kì-kì-kì í..."

"Kì í ṣe ìyẹn nìkan?"

Ó yí padà, ó wọlé lọ.

Ìyá rẹ̀ gbé áyọ́ọ̀nù dúró lórí ìdí rẹ̀. Kò bínú lọ́tẹ̀ yìí, ìbá sì ti sàn kó bínú. "Bàbá, ẹ̀yin náà ń kan ilẹ̀kùn."

Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó tú u. "Kí ni pupa tó wà lára rẹ̀ yìí?"

"Àmì ohùn kan ló gbàgbé sí..."

Ó wò mí. N kò parí gbólóhùn yẹn.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo ròyìn fún ìyàwó mi, Ìyá Ìbejì. Ó wà nídìí máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi gún un.

"Ọdún kẹrìndínlógójì rèé tẹ́ ẹ ti ń bá mi parí ọ̀rọ̀, Bàbá Ìbejì. Ẹ ò tíì gba ọ̀kan rí."

"Irọ́ ni."

"Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ fún yín pé àwọn ọmọ méjì ló wà nínú mi? Mo ní, 'Agbẹ̀bí ní ó jọ pé...' Ẹ ní, 'Ibà ni, mo ti ń sọ ọ́.' Ẹ lọ ra oògùn ibà."

Òótọ́ ni. Mo rántí oògùn náà. Mo ní, "Ohun tó fà á nígbà yẹn ni pé..."

"Ẹ má yọnu, mo ti mọ ìyókù," ni ó wí, ó sì tẹ máṣíìnì lọ.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rí lára!

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlógún

Káfíńtà ti gbọ́. Kò sí ohun tí Ìyá Ìbejì sọ fún ìyàwó rẹ̀ tí kì í gbọ́. Ó dé pẹ̀lú ìgò oògùn kékeré méjì tó dorí kọ ara wọn, pákó róbótó tó lu nínú ló fi so wọ́n pọ̀, yanrìn sì wà nínú ìgò kan.

"Aago yín rèé. Tí ẹnì kan bá ń bá yín sọ̀rọ̀, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀. Tí yanrìn ò bá tíì tán, ẹnu yín kò gbọdọ̀ là."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi? Ìyàwó mi kì í jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀, ká má tíì sọ ti pé kí n parí."

A dojú rẹ̀ délẹ̀. Yanrìn náà sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, ó há. Ó ní omi ṣì wà lára rẹ̀, ó gbé e sórí òrùlé kó gbẹ. Ìgbà kejì, ó tán kí n tó mí lẹ́ẹ̀mejì. Káfíńtà ní ihò ti tóbi jù. Ó gbé e lọ, ó ń súfèé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlélógún

Ìgò oníyanrìn ti ṣiṣẹ́. Ó tó ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀. Mo fi í sápò lọ sílé alágbàfọ̀. Mo gbé e sórí tábìlì láàárín aṣọ, mo dojú rẹ̀ délẹ̀, mo sì sọ fún ọmọ náà pé ọ̀rẹ́ mi ló ṣe é fún mi nítorí ẹnu mi.

Ó wo yanrìn. Ó wò mí. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, mo sì rí i pé eyín iwájú rẹ̀ kan ṣẹ́.

Ó bẹ̀rẹ̀. N kò ní kọ bí ó ṣe sọ ọ́ sílẹ̀ níbí; mo ti ṣe ìyẹn lọ́jọ́sí, kò sì yẹ. Yanrìn tán lẹ́ẹ̀mejì, mo dojú ìgò délẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti eyín bọ ahọ́n mi lẹ́ẹ̀mẹrin, nítorí ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti "mọ" ohun tó fẹ́ sọ. Ẹ̀ẹ̀mẹrẹ̀ẹ̀rin ni n kò mọ̀ ọ́n. Mo rò pé ó fẹ́ kí n fìyà jẹ Mọ́nítọ̀. Kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó sọ ni pé: kí n sọ fún gbogbo ilé ìwé pé èmi ni mo jẹ̀bi. Kí n má pe òun. Kí n má sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Lẹ́yìn náà ó nawọ́ sí ìgò. Ó fẹ́ mú un lọ sí kíláàsì.

Ìyá rẹ̀ gbé áyọ́ọ̀nù sókè. "Ta ló ní o ń lọ sí kíláàsì?"

Ọmọ náà dojú ìgò délẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Mo ń bẹ̀rù pé yóò gbá a létí. Ṣùgbọ́n obìnrin náà dúró, ó wo yanrìn títí ó fi tán, bí ẹni pé wọ́n fi òfin dè é. Lẹ́yìn náà ó ní, "Títí sáà á fi parí. Ọjọ́ tó bá parí, mo máa wá wò ó fúnra mi. Tí mo bá rí ohun tí mi ò fẹ́, mọ́tò ìlú kejì máa ń lọ láràárọ̀."

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlélógún

Ìpàdé pẹ̀lú Ọ̀gá ilé ìwé. Kò fẹ́ kí n sọ nǹkan kan níwájú àwọn ọmọ. Ó ní tí àgbà bá ń jẹ́wọ́ níwájú ọmọdé, lọ́la wọn yóò ní kí òun náà wá jẹ́wọ́. Nọ́ọ̀sì pẹ̀lú ń ṣiyèméjì: ó ní èèyàn kì í tún egbò tó ń san ṣí. Mo ní kì í ṣe ìmọ̀ràn mi, ti ọmọ náà ni.

Nọ́ọ̀sì yíjú sí mi. "Ó sọ bẹ́ẹ̀ tán fúnra rẹ̀?"

"Ó sọ ọ́ tán."

"Ẹ ò bá a parí ẹ̀?"

"Mi ò bá a parí ẹ̀."

"Mà," ni Nọ́ọ̀sì sọ fún Ọ̀gá ilé ìwé, "ẹ jẹ́ kó ṣe é. Ìṣẹ́jú kan. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, èmi fúnra mi máa fà á sọ̀ kalẹ̀."

Ọ̀gá ní òun kò ní sí níbẹ̀. Mo gbà pé bó ṣe ń fi àṣẹ sí i nìyẹn.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Mo sọ ọ́. "A kọ ọ́ sára àpótí pé a ó ya ìwé yín. Mo gba ọ̀kan, mi ò ya á, mo sì kà á síta. Mo jẹ̀bi." Mo sọ̀ kalẹ̀.

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọmọ kékeré kan níwájú bi ọ̀rẹ́ rẹ̀, "Ṣé wọ́n máa na Bàbá yẹn?" Mo fẹ́ fi òwe kan kún un kí n tó kúrò níbẹ̀. Òwe náà ti dé orí ahọ́n mi. Mo gbé e mì.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù kẹta

Ọmọ Alágbàfọ̀ ti padà. Tíṣà gba ìgò náà, ṣùgbọ́n ó ní gbogbo ọmọ ni yóò lò ó: ẹni tí a bá pè, ìgò á wà níwájú rẹ̀, ẹlòmíì kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ títí yanrìn á fi tán. Ó bọ́gbọ́n mu. Èmi ni ì bá ti ronú kàn án.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún

Kò rí bí mo ṣe rò. Àwọn ọmọ ń já ìgò gbà lọ́wọ́ ara wọn. Ẹnì kan jù ú sókè. Ọmọkùnrin kan tó mọ ìdáhùn jókòó títí yanrìn fi tán, ó ń gbádùn ara rẹ̀, gbogbo kíláàsì ń hó. Nígbà tó kan Ọmọ Alágbàfọ̀, wọ́n dákẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí yanrìn ṣe tán báyìí, kọ́, kọ́, kọ́: Mọ́nítọ̀. "Àkókò ti tó! Ẹ ti ilẹ̀kùn!"

Ó jókòó láìsọ ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀. A ti fi yanrìn ṣe pàṣán tuntun. Ṣé ohun gbogbo tí a bá gbé wọ ibí yìí ni yóò máa di ohun ìjà? Káfíńtà ní òun lè mú ihò náà kéré sí i. Mo ní kì í ṣe ihò.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá

Ìwé mẹ́rin nínú àpótí. Ọ̀kan, mo mọ ọwọ́ tó kọ ọ́. Ẹni tó ti fi ìgbésí ayé rẹ̀ wo lẹ́tà kò lè ṣe bí ẹni tí kò mọ̀; ọwọ́ yẹn náà ló ń kọ orúkọ aláriwo sójú bọ́ọ̀dù. Nọ́ọ̀sì kà á, èmi náà kà á. A wo ara wa.

Ó ní, "Mo máa rí ìyá rẹ̀ lọ́la, ní jẹ́jẹ́."

Mo ya á sí wẹ́wẹ́. Ohun tó wà nínú rẹ̀, n kò ní kọ ọ́ síbí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Òjò àkọ́rọ̀. Òrùlé kíláàsì karùn-ún ń jò sórí tábìlì tíṣà. Káfíńtà gun òkè lọ pẹ̀lú ìṣó lẹ́nu. Ó jọ pé inú rẹ̀ dùn jù nígbà tí kò lè sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì ti lọ sílé Mọ́nítọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. N kò bi í ohun tí wọ́n sọ.

Tíṣà ní kíkan tábìlì ti dín. Kò ní ó ti tán.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlélógún

Ó ku ọjọ́ márùn-ún. Ìyá Ìbejì sọ ìtàn gígùn kan fún mi nípa oníbàárà rẹ̀ kan àti aṣọ tí kò gbà á mọ́. Mo gbọ́ ọ títí dé òpin. Òpin rẹ̀ kò jọ ohun tí mo rò rárá. Ó bi mí bóyá ara mi kò yá.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Sáà parí lónìí. Àwọn òbí jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì karùn-ún, ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò dìde ka ìpínrọ̀ kan. Alágbàfọ̀ wá pẹ̀lú aṣọ tí ó lọ̀ gán-ín-gán-ín. Kò jókòó. Ó dúró ti ilẹ̀kùn, báàgì rẹ̀ wà lápá. Èmi, Nọ́ọ̀sì àti Káfíńtà wà lẹ́bàá fèrèsé.

Ìpínrọ̀ tó kan ọmọ rẹ̀ dá lórí bí a ṣe ń fọ eyín. Nínú gbogbo ohun tó wà láyé! Tíṣà gbé ìgò síwájú rẹ̀, ó dojú rẹ̀ délẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀. Gbólóhùn kìíní jáde. Ìkejì há. Ó pa ojú dé, ó tún un mú láti ẹ̀yìn. Mo ń gbọ́ òjò tó ń kán láti etí òrùlé. Gbólóhùn ìkẹta há ju ìkejì lọ, yanrìn sì ń lọ. Ó ku díẹ̀. Mo mọ ọ̀rọ̀ tó há sí i lẹ́nu, ó wà nínú ìwé níwájú gbogbo wa, ọmọ kọ̀ọ̀kan mọ̀ ọ́n. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu mi. Nọ́ọ̀sì rí mi.

Yanrìn tán.

Mọ́nítọ̀ jókòó ní tábìlì kejì. Ó gbé ọwọ́ sókè. Mo rí ìyá ọmọ náà tó mú báàgì rẹ̀ le. Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí wá lẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

Mọ́nítọ̀ na ọwọ́ gígùn yẹn kọjá orí tábìlì, ó dojú ìgò délẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ rẹ̀ padà sábẹ́ àgbọ̀n.

Ọmọ Alágbàfọ̀ ka ìyókù. Ó gba yanrìn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó jókòó, ẹlòmíì dìde, wọ́n ń bá a lọ.

Kí ló dé tó fi ṣe bẹ́ẹ̀? Ó lè jẹ́ àbẹ̀wò Nọ́ọ̀sì. Ó lè jẹ́ pé ó kàn fẹ́ràn láti máa wo yanrìn. Ó lè jẹ́ nítorí pé àwọn òbí wà níbẹ̀, tí ó bá sì di sáà tí ń bọ̀, kó tún máa kan tábìlì. Tẹ́lẹ̀, ǹ bá ti kọ ìdí kan sílẹ̀ níbí, ǹ bá sì gbà á gbọ́ nítorí pé ó dán. N kò bi í.

Lẹ́nu géètì, mo kí Alágbàfọ̀. Ó ní, "Bàbá, mo ti ní kí ẹ̀gbọ́n mi..." Ó dúró, ó ń wá agbòjò rẹ̀ nínú báàgì. N kò sọ nǹkan kan. Ó rí agbòjò náà, ó ṣí i, ó fa ọmọ rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. "...kó wá ẹlòmíì fi sí ṣọ́ọ̀bù."

Ọ̀gá ilé ìwé kò sọ pé ká gbé àpótí lọ, kò sì sọ pé ká má gbé e. A fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Ìwé mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kà wọ́n, mo kà wọ́n. Ọ̀kan dára púpọ̀.

A ya wọ́n.